Ife Omi Ibùsùn Kẹrìnlá

Èmi Phulmati, èmi ni mo ń nulẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kẹta
nílé-ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ dókítà,
ní Dharan, níbi tí òkè Nepal ti ń na ẹsẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá. Bákẹ́ẹ̀tì kan, àkísà kan,
òórùn oògùn apakòkòrò tí kì í kúrò lára aṣọ mi.

Láago méje ni wọ́n ń wọlé, ẹwù funfun méjìlá,
bí agbo lékèélékèé tó bà sẹ́bàá màlúù.
Dókítà Upreti ni yóò ṣíwájú.
Wọn a yí ibùsùn ká, wọn a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì
gba orí aláìsàn kọjá, bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn.
Ọ̀gá bèèrè. Wọ́n dáhùn. Ẹni tó gbà á rẹ́rìn-ín.
Ìyá tó dùbúlẹ̀ ń wo wọ́n láti ẹnu dé ẹnu,
ó ń wá ibi tí orúkọ òun yóò ti jáde.
Kò jáde. "Ìkẹrìnlá" ni wọ́n ń pè é.

Dhanmaya Rai ni.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e sọ̀kalẹ̀ láti Bhojpur,
wákàtí mẹ́sàn-án nínú jíìpù,
apá òsì ti kú, ẹsẹ̀ òsì ti kú, ẹnu ti wọ́.
Ọmọ náà ti padà sílé. Ewúrẹ́ kì í bọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ tí fáìlì kò mọ̀:
alaalẹ́ ni nọ́ọ̀sì ń bu omi sí ife rẹ̀,
àràárọ̀ ni mo ń da omi ọ̀hún nù.
Kíkún ni mo ń bá a.
Ọjọ́ kìíní, mo dà á nù. Ọjọ́ kejì, mo dà á nù.
Ní ọjọ́ kẹta ètè rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já lójú ọ̀nà.
Wọ́n ní kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún ya fọ́tò orí.
Mo di bákẹ́ẹ̀tì mi mú. Ta ní í bi ẹni tó ń nulẹ̀?
Àti pé, kí n má purọ́, mo ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà, Prasansa, ẹni tí kì í mọ ìdáhùn,
tí ọ̀gá ti bá wí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn.
Kò bá wọn dé ibùsùn kẹẹ̀ẹ́dógún.
Ó fa àpótí kan, ó jókòó.
Wọ́n ní ohun tí àgbà jókòó rí,
ọmọdé lè dìde dúró kó má rí i.
Àwọn àgbà tiwa ló ń dúró. Ọmọdé ló jókòó.
Ó yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?"

Kí lẹ rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá.

Mo ní: tábìlì wà lápá òsì.

Ó wò ó. Ó wo apá tó ti kú.
Ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.
Ó kọ́kọ́ fi ṣíbí tọ́ ìyá wò, bóyá ó lè gbé e mì,
lẹ́yìn náà ó wọ́ tábìlì yípo sọ́wọ́ ọ̀tún,
ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ké lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
Ìyá na ọwọ́.

N kò ní ayé yí padà lọ́jọ́ yẹn.
Upreti kọ́kọ́ bínú: ta ló sún tábìlì?
Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí òun náà tó fa àpótí,
orúnkún rẹ̀ ń dún.
Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn báyìí:
ta ló mumi, ta ni wọ́n yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lóru,
ta ló mọ ohun tó ń ṣe òun.
Ẹni ibùsùn keje ṣì ṣubú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ẹ̀rọ omi ilé-ìyàgbẹ́ ṣì ń jò. Owó oṣù mi ṣì rí bó ṣe rí.

Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo gbé ife ìkẹrìnlá
(ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, Harkaman, olójú dídùn),
ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi.
N kò rí nǹkan kan dà nù.